Ìmọ̀ràn: báwo la ṣe lè gba ìtàn Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà?

Tíṣà_Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi gba ìtàn ìlú wa sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìtàn Kòsọ́kọ́, ọba Èkó àtijọ́, la kà fáwọn òbí. Bàbá kan láti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ìhà àwọn onílé, bá dìde, ó ní, "Ṣé kò séèyàn ní Ẹ̀pẹ́ kí Kòsọ́kọ́ tó dé ni?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ta ni ká kọ́kọ́ lọ bá? Kí la ó fi gba ohùn wọn?

ỌmọÈkóẸ̀pẹ́
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ òótọ́ ni bàbá yẹn sọ. Ìparí ọdún 1851 làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó, tóun àtàwọn èèyàn rẹ̀ wá forí pamọ́ síbí. Ní 1854, ó tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nílùú yìí. Ní 1862, ó padà sí Èkó, àmọ́ àwọn kan ò bá a lọ. Àwọn yẹn ló bí wa. Dídé wọn là ń rántí tá a bá ń ṣe ọdún Káyókáyọ̀.

Ti àwa nìyẹn. Ẹ wá lọ bi àwọn onílé léèrè bí àlejò tó kó jagunjagun lẹ́yìn ṣe rí lójú wọn. Ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ bi ìhà méjèèjì. Bí ìdáhùn bá takora, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má ṣèdájọ́.

Ọmọ_Ẹlẹ́ja
Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mọ sí agboolé ọba. Ẹ dé ọjà Olúwo. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti tajà títí agbára fi tán. Wọn á gbé ọ̀bọ̀kún, wọn á ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wò bóyá ó ṣì pọ́n, wọn á ní, "Tàná nìyí." Wọ́n mọ ọlọ́kọ̀ Ìlàjẹ, wọ́n mọ ti Ẹ̀gùn, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà pẹ̀lú oníkálukú. Mi ò gba nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n kú, mo tú fóònù mi láti òkè délẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?" nìkan ni mo rí.

Alákòójọ_Ìwé
Fóònù tó. Ẹ pa fáànù, ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àgbà náà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ wà àti orúkọ rẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ ìdílé wọn. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni káwọn ọmọ fi Yorùbá ìwé "tún" èdè Ìjẹ̀bú ṣe: bó ṣe tẹnu wọn jáde ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ìwé àtijọ́ wà ní National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, àmọ́ ojú òyìnbó ló kọ púpọ̀ nínú wọn.

Ará_Ọ̀nà_Oko
Ẹ mú wọn dé yàrà Erédò náà. Ó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, síbẹ̀ àwọn ọmọ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ.

Tíṣà_Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ_Ẹlẹ́ja, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Mo ti dé Olúwo láàárọ̀ yìí. Màmá kan tó ń ta ẹ̀pìyà ní ká wá ní Sátidé, bí ọjà bá tú. Ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ kan àti ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ kan ni yóò jọ jókòó tì wọ́n.