Kí ni mo lè fún ajá jẹ nínú oòrùn Kàbbà yìí?

Ìyá Ajá, Kàbbà:
Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ajá Alsatian kan ni ọkọ mi mú wálé láti Àbújá nígbà òjò, ara rẹ̀ sì le dáadáa. Àmọ́ látìgbà tí ọyẹ́ ti lọ, tí ooru ti gbóde, ńṣe ló ń yọ ahọ́n láti àárọ̀ dalẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán, kì í wò ó mọ́. Ọmọ mi obìnrin wá rí fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n po yógọ́ọ̀tì, ẹ̀pà lílọ̀ àti èso pọ̀, tí wọ́n gbé e sí fírísà, tó dì, tí wọ́n fún ajá lá. Ó ní dandan ni kí àwa náà ṣe é. Èwo ni ajá lè jẹ nínú ohun tó wà lọ́jà wa, èwo ló lè ṣe é léṣe? Ọ̀rọ̀ iná náà sì wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.

Ọmọ Ìsánlú:
Ajá fẹ́ lá áísìkiriìmù, èmi ò rí gààrí tútù mu 😂 Ẹ bu omi fún un jàre.

Ẹléso Ìyàrá:
Ẹ má dá a lóhùn, Ìyá. Wọ́tàmẹ́lọ̀nù ló rọrùn jù. Ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ bẹ èèpo líle yẹn kúrò, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sí fírísà. Ìbẹ́pẹ pípọ́n náà dára, kí ẹ ṣá ti kó kóró rẹ̀ dànù. Èyí tí ajá tèmi fẹ́ràn jù ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo gún pọ̀ mọ́ ẹ̀pà lílọ̀ díẹ̀, tí mo fi omi là á. Ẹ̀pà tí ẹ fúnra yín yan ni o, láìsí iyọ̀, láìsí ṣúgà. Ẹ ṣà á dáadáa, èyí tó bá ti bu kò dára fún ajá, kò dára fún ènìyàn. Ẹ lè se egungun màlúù, kí ẹ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ ré ọ̀rá orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ jẹ́ kó dì. Mágì àti àlùbọ́sà ò gbọdọ̀ kàn án. Egungun tí ẹ ti sè yẹn, ẹ má fún un, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un nífun.
Ti iná, òru ni wọ́n sábà ń mú un wá ládùúgbò wa, nítorí náà alẹ́ ni mo máa ń gbé e sí fírísà. Tí ẹ bá dì í sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, ẹ bó ọ̀rá náà kúrò kí ẹ tó fún un, torí ajá ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí oúnjẹ.

Bàbá Ọdẹ, Mọ́pà:
Ìyàwó wa, mo kí ọ. Ajá tiwa ò mọ fírísà. Tí oòrùn bá ti mú, abẹ́ máńgòrò ló ń lọ, á wa ilẹ̀ títí á fi kan ibi tó tutù, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bu omi sí ilẹ̀ abẹ́ igi fún un. Má sì so ó mọ́ abẹ́ páànù.

Ìyá Ajá, Kàbbà:
Ẹ ṣé, Bàbá. Abẹ́ páànù náà ni a ń so ó mọ́ lọ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. A máa tú u lónìí.

Dókítà Ẹran, Lọ́kọ́jà:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ìbòòji àti omi ló ṣe kókó, ohun dídì yẹn, ìpanu lásán ni. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni òógùn ti ń jáde díẹ̀ lára rẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde. Irun Alsatian sì nípọn ní ìpele méjì. Ẹ máa yà á, ẹ má fá a kodoro. Àwọn ajá tí imú wọn pẹlẹbẹ ló tiẹ̀ ń jìyà jù.
Ohun tó lè pa á: ṣokoléètì, èso àjàrà tútù tàbí gbígbẹ, àlùbọ́sà, áyù, àti ohunkóhun tó ní xylitol, ìyẹn èròjà adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà. Ẹ ka ara ṣingọ́ọ̀mù àti ẹ̀pà lílọ̀ inú ike tí wọ́n kọ pé kò ní ṣúgà, ibẹ̀ ló máa ń wà.
Ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń wà ní nǹkan bíi 38 sí 39 lórí tọmọ́mítà (ìwọ̀n Celsius). Tó bá kọjá 41, ewu ti dé. Ẹ̀ẹ́ rí i tí itọ́ rẹ̀ á ki, tí èrìgì rẹ̀ á pọ́n fòò, tí á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí kó máa bì. Ẹ gbé e sí ìbòòji, ẹ da omi sí i lára láti ikùn dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀. Kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ máa tutù kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá sì ń gbé ajá láti Lọ́kọ́jà wá sí Kàbbà, kó má jù ú sí bùùtù o, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìsánlú:
Dókítà, nígbà wo la wá lè mú un rìn? Ọ̀dà títì ń jó èmi tí mo wọ bàtà.

Dókítà Ẹran, Lọ́kọ́jà:
Ìdájí, tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan títì fún ìṣẹ́jú àáyá méje. Tí ẹ ò bá lè fara dà á, ajá náà ò lè fara dà á.

Ìyá Ajá, Kàbbà:
Yógọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ńkọ́? Ó ti wà nílé.

Dókítà Ẹran, Lọ́kọ́jà:
Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ìyẹn, wàrà sì máa ń da inú ọ̀pọ̀ àgbà ajá rú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹléso yẹn ni kí ẹ ṣe, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ti fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?

Ìyá Ajá, Kàbbà:
Wọ́n ti fún un ní Àbújá, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ bàbá wọn. Eégbọn ló kù tó ń dà mí láàmú, mo máa bi yín lọ́tọ̀.