Ta ló ti fi orúkọ ìyá tàbí bàbá rẹ̀ sí ètò adójútòfò ìlera ìjọba? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti fẹ́ sọ mí di onígbèsè. Wọ́n ní ìjọba ní ètò adójútòfò ìlera tó gba àgbàlagbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, báwo ló ṣe lọ? Kí ni kí n mú dání?

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀: NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Bí kò bá sí NIN, ẹ má wulẹ̀ jáde nílé.

Akọ̀wé Alágbàká: Èmi ni kí ẹ bi. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mò ń ṣe, orúkọ mi ti wà nínú adójútòfò tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, màmá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Mo gbé wọn lọ sílé ìwòsàn tí orúkọ mi wà, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo kọ̀ǹpútà, ó tún un wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin, ìyàwó yín, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà níbí. Mi ò rí màmá." Mo ní ìyá mi rèé lórí àga. Ó ní òun náà rí wọn. Bí mo ṣe sanwó gbogbo àyẹ̀wò látinú àpò mi nìyẹn. Ọmọ mi kẹta tí òtútù kì í mú wà nínú ìwé, ìyá tó bí mi ni kò sí.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Eléyìí dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ta ló sọ fún wọn pé ìyá ẹni kì í ṣe ará ilé ẹni?

Bàbá Arákálẹ̀: Ìyàwó KAN? Èmi tí mo ní méjì ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀: Bàbá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ méjì, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ wá owó oògùn ìkejì.

Bàbá Arákálẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ìyáálé a máa ka fóònù mi.

Akọ̀wé Alágbàká: Ààyè wà láti fi òbí kún un o, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí màmá tó ṣubú.

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba.

Tíṣà Fẹ̀yìntì: Ọmọ mi, tìrẹ ló kàn. Òfin tí Buhari fọwọ́ sí lọ́dún 2022 ka àgbàlagbà mọ́ àwọn tí ìjọba yóò máa bá sanwó, pẹ̀lú aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aláàbọ̀ ara àti akúṣẹ̀ẹ́. Òfin ìlera ti 2014 ló ti kọ́kọ́ ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ondo State Contributory Health Commission ni kí o lọ bi nípa ti ìpínlẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n má retí pé gbogbo àìsàn ló wà níbẹ̀. Ti ọ̀fẹ́ yẹn, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni wọ́n ti ń lò ó: wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n á tọ́jú ibà.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ọ̀fẹ́ tí kò ní sọ pé "ẹ lọ ra gílóòfù wá"? Màá rí i kí n tó gbà.

Ọmọ Onífùfú, Oǹdó: Ẹ jẹ́ n sọ ti NIN yẹn. Màmá mi ti ń sẹ́ fùfú láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ. Àtàǹpàkò wọn dán bí ìkarahun ìgbín, ẹ̀rọ kò rí ìlà kankan níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà nu dígí ẹ̀rọ, ó nu ìka màmá, ó ní, "Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Màmá tẹ̀ ẹ́ títí èékánná wọn fi funfun. Iná pupa. Ó ní kí wọ́n gbìyànjú òmíràn. Pupa. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá la gbìyànjú, pupa ni. Màmá wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé n ò sí láyé?" Gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí a padà lọ ni ọmọńdinrín ọwọ́ òsì tó gbà.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀: Omi bọ́ lójú mi o.

Ọmọ Olóko Kòkó: Bàbá tèmi náà nìyẹn! Àdá ló jẹ ìka tiwọn. Òrí la fi pa á mọ́jú, ó gbà lọ́jọ́ kejì.

Akọ̀wé Alágbàká: Òrí kọ́. Òrí á tún jẹ́ kó máa yọ̀ ni. Ọṣẹ dúdú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ọmọ Olóko Kòkó: Òrí ni. Mo wà níbẹ̀.

Sísí Ìsọ̀lọ̀: Tiwa, ìka gbà, ọjọ́ orí ni kò gbà. Wọ́n kọ 01/01/1965 fún màmá mi. Èmi àkọ́bí, 1968 ni wọ́n bí mi. Ẹ ṣírò rẹ̀. Màmá ní òun ti ń pọnmi nígbà tí Ọba Adésidà, Déjì Àkúrẹ́, wàjà, 1957 nìyẹn.

Bàbá Arákálẹ̀: Ọmọ ọdún mẹ́ta ló bí yín! Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọge ni màmá.

Sísí Ìsọ̀lọ̀: Ọmọge ò sí nínú ètò àgbàlagbà, bàbá. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN sì ti di ₦28,574 láti 2025. Owó oògùn oṣù mélòó nìyẹn?

Tíṣà Fẹ̀yìntì: Bó o bá fẹ́ tún un ṣe, ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka iye ènìyàn ni kí o ti kọ́kọ́ lọ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí.

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ ṣé o. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí màmá létí, ti onífùfú yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbé àtàǹpàkò sábẹ́ iná tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Olóko Kòkó: Òrí o.