"Ìdìpọ̀" kọ́ ni commit: ẹ fi "dì" sílẹ̀ fún MPI_Pack

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n dá sí ọ̀rọ̀ bí a ṣe máa túmọ̀ àwọn àṣẹ MPI sí Yorùbá. MPI ni ìlànà tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fi ń fi ẹrù, ìyẹn dátà, ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀gá wa ní kí á máa pe MPI_Type_commit, àṣẹ tó ń fọwọ́ sí àwòṣe ẹrù (datatype) kí a tó fi ránṣẹ́, ní "ìdìpọ̀", torí pé "ìtú" ni MPI_Type_free, àṣẹ tí a fi ń jọ̀wọ́ àwòṣe náà, ohun tí a bá sì dì la ń tú. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n dì níbẹ̀?

Ẹ wo struct kan (àkójọ oríṣiríṣi ẹrù lójú kan) tó ní int (nọ́ńbà odidi), double (nọ́ńbà tó lè ní ìdá) àti char (lẹ́tà kan), bí wọ́n ṣe tò yẹn. Báìtì 4, 8 àti 1: 13 ni. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, 24 ló máa gbà, torí àlàfo 4 wà lẹ́yìn int, 7 sì wà lẹ́yìn char. Ohun tí MPI_Type_create_struct ń ṣe kò ju pé ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà àti irú tó jẹ́, kí ìfiránṣẹ́ lè fo àlàfo. Commit wá ní: àwòṣe yìí ti ṣe é lò. Kò fọwọ́ kan ẹrù rárá; ẹrù lè má tíì délé pàápàá. MPI_Pack ló ń di ẹrù. (Ẹni tó sì kọ "ìdípọ̀", ihò lẹ fẹ́ dí àbí?)

Ẹlòmíràn ní "ìmúrasílẹ̀". "Sílẹ̀" yẹn wù mí, torí ẹ̀ẹ̀kan là ń ṣe é, a ó sì máa fi ránṣẹ́ lọ títí. Ṣùgbọ́n mú ara ni múra. Ara wo ni àwòṣe ní? Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà ì bá ti fa ìlà pupa sí i kó tó bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

"Ìfòǹtẹ̀lù" ni tèmi. Bí a bá tún commit èyí tó ti gba òǹtẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. MPI_INT, àwòṣe int tó bá MPI wá, gba tirẹ̀ láti ilé wá. Àwòṣe tí a kàn fẹ́ fi kọ́ òmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kò ní bá ìfiránṣẹ́ lọ, kò nílò òǹtẹ̀. Mo gbàgbé ìlà commit rí: MPI_ERR_TYPE, àṣìṣe pé àwòṣe kò tọ́, ló yọ sí mi, gbogbo iṣẹ́ náà kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ìrìnnà tí kò lóǹtẹ̀ ní ẹnu ibodè gẹ́lẹ́ ni.

Ní ti "ìtú", ẹ tú ẹrù lójú ọ̀nà kí ẹ wò ó bóyá kò ní fọ́n ká. Ṣùgbọ́n bí a bá pe MPI_Type_free nígbà tí ìfiránṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìfiránṣẹ́ náà yóò parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwòṣe tí a ti fi í kọ́ kò ní mì. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun ti ń túmọ̀ èdè kí wọ́n tó bí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Commit ti wà nínú MPI láti 1994. Kí ló dé tí ẹ ò tíì sọ ọ́ lórúkọ? Ti free gan-an ṣì ń dà mí láàmú. "Ìparẹ́" ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ kì í parẹ́ títí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi tán.