Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí n san £186 lórí ẹ̀bùn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ọmọ ẹgbẹ́ (ó fi orúkọ pamọ́)
Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú tó bá gùn, inú ló ń bí mi. Wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ sí mi láti Èkó, páálí kan péré, ó ti wọ Britain láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tiẹ̀ tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdé kí n lè wà nílé gbà á, ni mo bá rí ìméèlì pé kí n san £186 kí wọ́n tó gbé e wá. £186! Gift ni wọ́n kọ sára ẹ̀ gàdàgbà, £35 ni wọ́n kọ síbẹ̀, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ẹ̀bùn tí ò bá ti ju £39 lọ, kọ́sítọ́ọ̀mù kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Mo pe iléeṣẹ́ tó gbé e, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn, ó ní kí n tẹ 2, mo tẹ 2, ó gbé orin sí i, orin yẹn dún títí fóònù fi já. Ìgbà tí èèyàn máa wá gbé e, ọmọkùnrin kan tí ò lè ju àkọ́bí mi lọ ní àwọn ti bá mi san owó ìjọba ná, àwọn ni mo máa dá a padà fún. Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Ará ilé kejì mi gba ẹrù tó tóbi jù báyìí lọ lóṣù tó kọjá, kò san nǹkan kan. Torí pé Nàìjíríà wà lára páálí tèmi ni. Sátidé yìí la sì fẹ́ lò ó o! Ṣé kí n san ni àbí kí n ní kí wọ́n dá a padà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Màmá Ìbejì Luton
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Kí ló wà nínú ẹ̀? O ò sọ.

Báyọ̀ Ọmọ Òṣogbo
Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe àwọn gbájúẹ̀? Wọ́n máa ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé ẹrù yín wà lọ́dọ̀ àwọn, ẹ san £1.99, ibi tẹ́ ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀ ló parí. Wọ́n ṣe é fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tẹ líǹkì tó wà nínú ìméèlì yẹn o, ẹ fọwọ́ ara yín wá ojú ewé iléeṣẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà ẹrù yín síbẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ (ó fi orúkọ pamọ́)
Kì í ṣe gbájúẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá, aṣọ ni.

Tọ́pẹ́ Peckham
Ẹ má san o! £135 ni òfin wí. Ohun tí ò bá tó £135, wọn ò gbọ́dọ̀ gba nǹkan kan. Mo máa ń ra bàtà láti Ṣáínà, ẹnì kan ò bi mí léèrè owó rí.

Ẹ̀gbọ́n Croydon
Tọ́pẹ́, ẹ má ṣi àǹtí lọ́nà. Mo bá àwọn kan ṣiṣẹ́ kílíà ẹrù rí kí n tó fẹ̀yìn tì. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù ni kò sí lórí ohun tí ò bá ju £135 lọ, VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, wà níbẹ̀ digbí. Tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń fojú fo ohun tí ò bá ju £15 lọ, wọ́n fagi lé ìyẹn ní January 2021. Látìgbà náà ẹni tó ta ọjà fún yín ló ń gba VAT yẹn mọ́ iye tẹ́ ẹ san. Bàtà yín yẹn, ẹ ti san VAT ẹ̀ ẹ ò kàn mọ̀ ni. £135 yẹn gan-an, ìjọba ti sọ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì November 2025 pé àwọn máa mú un kúrò, ó pẹ́ tán March 2029.
Àǹtí, ní ti ẹ̀bùn, £39 tẹ́ ẹ sọ yẹn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni pé kí èèyàn kan fi owó ara ẹ̀ ra nǹkan, kó fi ta èèyàn kan lọ́rẹ, fún ọjọ́ ìbí tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Aṣọ mélòó ni? Ta ló sanwó ẹ̀?

Tọ́pẹ́ Peckham
Ẹ̀gbọ́n, mo sọ ohun tójú mi rí ni, ẹ̀yin náà ẹ má fi kílíà yín gùn wá lórí.

Àbẹ̀kẹ́ Houston
Ẹ máa dúpẹ́ níbẹ̀ yẹn. Níbí $800 ni wọ́n máa ń fojú fo tẹ́lẹ̀, èèyàn á ra gèlè á ra bùbá, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 29 August 2025 wọ́n ti pa á rẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọṣẹ dúdú àti àdí àgbọn tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi, owó tí wọ́n ní kí n san tó iye tó fi rà á, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ, ọṣẹ kì í ṣe ọmọ mi.

Alájà Ìkẹjà
Nàìjíríà tẹ́ ẹ̀ ń bú yìí, láti 8 September 2025 kọ́sítọ́ọ̀mù wa ní ẹrù tí ò bá ju $300 lọ ò ní san owó, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣáà má fi òkìríkà sínú ẹ̀, ìyẹn ò bófin mu rárá, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Ọmọ ẹgbẹ́ (ó fi orúkọ pamọ́)
Mo béèrè ọ̀rọ̀ ẹrù mi, ẹ ti gbé e dé Houston. £35 ni télọ̀ gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òótọ́ ló kọ, kò purọ́.

Màmá Ìbejì Luton
Ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ọmọ ẹgbẹ́ (ó fi orúkọ pamọ́)
Méjìlá ni, ma. Ìró àti bùbá lésì pẹ̀lú gèlè. Ẹgbẹ́ wa ló fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ọgọ́ta ọdún màmá ọ̀rẹ́ wa. Ọjọ́ ìbí ni, ṣebí ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ ìbí wà lára ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Croydon
Háà. Àǹtí, aṣọ ẹbí nìyẹn, ọjà ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. £35 lọ́nà 12 jẹ́ £420. Èló lẹ fi gbé e wá?

Ọmọ ẹgbẹ́ (ó fi orúkọ pamọ́)
£80.

Ẹ̀gbọ́n Croydon
Ó di £500, torí wọ́n máa ń ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí aṣọ rírán, 12%, ìyẹn £60. VAT 20% lórí £560, ìyẹn £112. Ó di £172. £14 tó kù, owó iṣẹ́ àwọn tó gbé e ni. £186 yín rèé, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣí i, wọ́n kà á. Ẹ tún ṣọpẹ́ o, ẹrù tí wọ́n kọ irọ́ sára ẹ̀, wọ́n láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ẹ̀.

Báyọ̀ Ọmọ Òṣogbo
Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n dín owó kù fún?

Ẹ̀gbọ́n Croydon
Bẹ́ẹ̀ ni, DCTS ni wọ́n ń pè é, láti 2023. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lóòótọ́ ni, ẹni tó fi ránṣẹ́ á sì kọ ẹ̀rí ẹ̀ sára ínfọ́ìsì. Aṣọ òkè Ìsẹ́yìn, ẹ lè gbìyànjú ẹ̀. Lésì Ṣáínà tẹ́ ẹ rà ní Balógun, torí pé ẹ rà á níbẹ̀ kò sọ ọ́ di ọmọ Èkó. Tí aṣọ ọmọdé bá wà nínú ẹ̀ ṣá, ẹ sọ fún wọn, aṣọ ọmọdé kì í san VAT.

Ìyá Dámilọ́lá
Àfi kẹ́ ẹ san án jàre. Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ (ó fi orúkọ pamọ́)
Kò sí aṣọ ọmọdé. Kí ló tiẹ̀ dé tí wọ́n fi ṣí tèmi, gbogbo ẹrù ni wọ́n ń ṣí ni? Lẹ́tà kan tún wá lánàá, mi ò kà á tán, wọ́n kọ seizure sókè ẹ̀, wọ́n wá kọ meat products sísàlẹ̀. Màmá mi ló ní kí télọ̀ bá òun fi pọ̀nmọ́ díẹ̀ sí abẹ́ aṣọ.

Màmá Ìbejì Luton
Pọ̀nmọ́! Lábẹ́ lésì!

Ẹ̀gbọ́n Croydon
Ìdí tí wọ́n fi ṣí i nìyẹn. Ẹran àti awọ ẹran láti Nàìjíríà ò gbọ́dọ̀ wọlé, ì báà kéré bí èékánná. Ẹ ka lẹ́tà yẹn tán lónìí. Tó bá jẹ́ pọ̀nmọ́ nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, ẹ san £186, ẹ gba aṣọ yín. Tí wọ́n bá kọ aṣọ mọ́ ọn, oṣù kan lẹ ní láti fèsì, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Tẹ́ ẹ bá rò pé wọ́n ṣírò owó ẹ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ san án, kẹ́ ẹ wá fi fọ́ọ̀mù C285 béèrè owó yín padà pẹ̀lú rìsíìtì télọ̀. Àmọ́ lójú tèmi o, wọn ò ṣì í ṣírò.

Fúnkẹ́ T.
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lésì aláwọ̀ ewé ni, pẹ̀lú gèlè àwọ̀ góòlù? Sátidé yìí?

Fúnkẹ́ T.
Àǹtí, ẹ̀yin nìyí o. £60 lẹ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ ní iye tí télọ̀ pè é nìyẹn.

Tọ́pẹ́ Peckham
Yéè. Ẹ jẹ́ n wá àga.

Ọmọ ẹgbẹ́ (ó fi orúkọ pamọ́)
Fúnkẹ́, owó ọkọ̀ ńkọ́? Owó fóònù tí mo fi ń pe télọ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ńkọ́? Ta ló wọn gbogbo yín? Mi ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Fúnkẹ́ T.
£80 tẹ́ ẹ pín sọ́nà méjìlá ò tó £7. Ẹ ṣírò èyí tó kù.

Ọmọ ẹgbẹ́ (ó fi orúkọ pamọ́)
Mo ti san £186 náà báyìí, wọ́n ní ọjọ́ Fúráídè ni wọ́n máa gbé e dé. Pọ̀nmọ́ nìkan ló wà nínú lẹ́tà yẹn. £15.50 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ aṣọ ẹ̀ kó fi ránṣẹ́.

Fúnkẹ́ T.
Ẹ yọ ọ́ nínú èrè yín.

Màmá Ìbejì Luton
Ẹ gbé ìjà yín lọ sí inbox, kẹ́ ẹ parí ẹ̀ síbẹ̀. Ìró, bùbá àti gèlè ní £35 ṣá, ẹ fún mi ní nọ́ńbà télọ̀ yẹn.