Omi fépù tí wọ́n ń tà l'Òṣogbo yìí, kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Fìà:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin ti ń fa fépù báyìí, sìgá oníbátìrì yẹn, ó ní kì í ṣe sìgá, omi lásán ló ń hó tó ń rú èéfín, wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò ẹ̀ pé kò sí nikotíìnì, ìyẹn nǹkan inú tábà tó ń di bárakú. Ìtòsí Ọláìyá ló ti rà á, ó ń run bíi máńgòrò. Ṣé lábù lè yẹ̀ ẹ́ wò kí n rí nǹkan gidi fi bá a sọ̀rọ̀? Torí bí mo ṣe ń pariwo yẹn ò wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Ọmọ Lábù:
Ẹ kú àníyàn Àǹtí. Kì í ṣe omi rárá. Kẹ́míkà olómi méjì, propylene glycol àti gilisaríìnì, ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n á wá fi nǹkan olóòórùn dídùn sí i, àti nikotíìnì lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rọ GC-MS ló ń ya gbogbo ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òun ló máa sọ bóyá òótọ́ ni wọ́n kọ sára ìgò. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yẹ omi nìkan wò, èéfín yẹn gan-an ni kókó, torí wáyà inú fépù máa ń gbóná débi pé ohun tó wà nínú omi yẹn á fọ́, á di àwọn kẹ́míkà míì bíi formaldehyde, acetaldehyde àti acrolein tí kò sí nínú ìgò tẹ́lẹ̀. Formaldehyde yìí náà ló wà nínú oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì o, ó sì ń fa jẹjẹrẹ.

Adé Ìgbóǹnà:
Bọ̀ọ̀dá, èéfín tó ń fò lọ, báwo lẹ ṣe ń mú u?

Ọmọ Lábù:
Ẹ̀rọ ló máa fa fépù náà bí èèyàn ṣe ń fà á, 55 mL lẹ́ẹ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30. Èéfín yẹn á gba inú ọ̀pá kékeré kan tí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ DNPH wà nínú ẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni formaldehyde àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á ti há, wọ́n á fọ̀ ọ́ jáde, ẹ̀rọ HPLC á sì sọ bó ṣe pọ̀ tó. Nickel, chromium àti òjé tó ń ti ara wáyà jáde, ẹ̀rọ míì, ICP-MS, ló ń rí ìyẹn. Ẹ fiyè sí i pé tí òwú tó ń fa omi nínú fépù bá ti gbẹ, formaldehyde á ròkè gan-an, ṣùgbọ́n á ta èèyàn lọ́fun débi tí ò ní lè fà á pẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ máa ń béèrè bí wọ́n ṣe fà á kí n tó gba èsì ẹnikẹ́ni gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ti òórùn yẹn ló ká mi lára. Kẹ́míkà diacetyl tó ń run bíi bọ́tà, tí wọ́n ti bá nínú òórùn fépù míì, téèyàn bá jẹ ẹ́ kò sí wàhálà, àmọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gúgúrú l'Amẹ́ríkà fà á símú, ẹ̀dọ̀fóró wọn bàjẹ́. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí fépù fà ní 2019 náà ńkọ́? Nígbà tó fi máa di February 2020, ó lé ní 2,800 èèyàn tí fépù gbé dé ọsibítù l'Amẹ́ríkà, 68 kú. Nǹkan olóròóró kan tó ń jẹ́ vitamin E acetate ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ wọn, inú fépù onígbó ló sì ti wá jù. Àǹtí, ẹ má sọ fún un pé ìyẹn ló wà nínú tiẹ̀ o, tó bá lọ wò ó tó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Fìà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí n gbé ìgò nìkan lọ?

Ọmọ Lábù:
Àti ìgò àti fépù tó fi ń fà á, Àǹtí. Ẹ má da omi yẹn sínú ike míì o. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n lè mú èéfín, torí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé omi nìkan ni wọ́n lè bá yín wò.