Labalábá kì í dúró dè mí, òdòdó sì wà lórí ọ̀pẹ: kí ni kí n ṣe?

Àdìó Òṣogbo:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń lé labalábá kiri etídò tó wà lẹ́yìn oko bàbá mi. Fọ́tò tí mo yà lé ní igba, èyí tó mọ́ nínú wọn kò pé márùn-ún. Bí mo bá ti na fóònù sún mọ́ ọn báyìí, ó ti fò lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gún fa ṣòkòtò mi ya; ìyàwó mi ní ṣebí labalábá tó dìgbò lu ẹ̀gún ni aṣọ rẹ̀ ń ya.

Òdòdó kan tún wà lórí ọ̀pẹ níbẹ̀, àwọ̀ ìyeyè, ó ní àmì tótòtó bí ara ẹkùn. Bàbá mi ní àfòmọ́ ni, pé àwọn máa gé e dànù. Ṣé àfòmọ́ ni lóòótọ́?

Bàbá Oníkámẹ́rà:
Àdìó, yéé lé e. Ibi tó fẹ́ wá ni kí o lọ jókòó sí. Ṣé o mọ ẹrẹ̀ etídò tí màlúù tọ̀ sí? Akọ labalábá máa ń ṣù bo irú ibẹ̀, iyọ̀ inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fà. Tí wọ́n bá ti na ẹnu wọn sílẹ̀, ojú wọn kì í sí lára èèyàn mọ́. Mo dojú bolẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan títí ọ̀kan fi bà lé ọwọ́ mi, ó ń lá òógùn. Fún àwọn labalábá Charaxes tí ń gbé òkè igi, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà kalẹ̀, kí o ta ẹmu díẹ̀ sí i.

Tí bọmubọmu bá wà nítòsí, yẹ ẹ̀yìn ewé rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni Danaus chrysippus ń yé sí, èyí tó pupa bí epo, tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú. Oje bọmubọmu tó jẹ nígbà tó wà ní kòkòrò ti mú ara rẹ̀ korò, ẹyẹ kì í fẹ́ ẹ, ló ṣe ń fò jẹ́jẹ́ bí ìyàwó òṣìngín. Òun ni kí o fi kọ́ṣẹ́. Lọ ní kùtù, nígbà tí ara wọn ṣì tutù. Má jẹ́ kí òjìji rẹ bò ó.

Ní ti òdòdó, bẹ bàbá kí wọ́n fi àdá sílẹ̀. Àfòmọ́ ń ki gbòǹgbò bọ inú ẹ̀ka, ó ń mu omi igi. Ọ́kíìdì, irú òdòdó tí o rí yìí, kàn jókòó lórí igi ni; omi òjò àti ewé tó jẹrà ló ń jẹ. Tí o bá rí gbòǹgbò funfun tó ṣe ṣóńṣó sókè bí abẹ́rẹ́, tó gba ewé gbígbẹ bí apẹ̀rẹ̀, ọ́kíìdì tí wọ́n ń pè ní Ansellia africana ni.

Má sọ ibi tó wà fún ẹnikẹ́ni o. Mo gbé fọ́tò ọ̀kan síta rí, n kò mọ̀ pé fóònù ti kọ ibi tí mo dúró sí sínú rẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ojú àdá nìkan ló kù lára igi.

Abẹ̀kẹ́:
Ẹ má yà á lọ́sàn-án gangan, oòrùn á fọ àwọ̀ ìyeyè yẹn dànù. Ẹ dúró de ìkùukùu.

Àdìó Òṣogbo:
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo rí gbòǹgbò abẹ́rẹ́ náà. Bàbá mi ní tí kì í bá ṣe àfòmọ́, kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Mo ní fọ́tò ni. Wọ́n kàn wò mí. Àmọ́ wọn ò tíì gé e.