Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn tí mo ti fi ìwé owó orí ránṣẹ́

Láti Houston

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ọ̀rọ̀ owó orí ni. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀, kó jọ̀ọ́ sọ tiẹ̀ náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí ìwé bá ti wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó parí nìyẹn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe. Ní ìparí January 2025 ni W-2 mi dé, ìyẹn ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ iye owó tí mo gbà lọ́dún àti owó orí tí wọ́n yọ nínú rẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe owó orí. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń bá mi ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó na bébà kan sí mi pé kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i. Ó ní, "Àǹtí, ó ti wọlé, ẹ máa retí owó yín." Mo san owó iṣẹ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ojú-ewé IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Where's My Refund, níbi tí èèyàn ti ń wo bóyá owó orí tó san lé ti ń padà bọ̀. Ìpele 3 ló wà níbẹ̀: pé ìwé ti dé, pé wọ́n ti fọwọ́ sí owó, pé wọ́n ti fi owó ránṣẹ́. Tèmi dúró sórí ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ 21 ni ó sábà máa ń gbà kí owó tó jáde fún ẹni tó fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 21 pé, ó kọjá, ibì kan náà ló wà. Ní agogo 3 òru, bí ìyá tí mo ń tọ́jú bá ti sùn, màá tún yọ fóònù, màá tún wò ó.

Ìgbà tó yá ni mo bá lẹ́tà nínú àpótí. Wọ́n kọ 5071C sí igun rẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí ìwé owó orí kan gbà tó ní orúkọ mi àti nọ́ńbà Social Security mi, èyí tí ìjọba fi ń mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé kí àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn fẹ́ mọ̀ dájú pé èmi gan-an ni mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún mi. Àyà mi já. Ọkọ mi ní gbájúẹ̀ ni, kí n fà á ya. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wá nọ́ńbà lẹ́tà náà lórí ojú-ewé IRS fúnra mi, mo sì rí i pé lẹ́tà gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí: lẹ́tà inú àpótí ni IRS sábà fi ń kọ́kọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣàdédé pè yín pé òun ni IRS, tó ní kí ẹ lọ ra gift card wá, olè ni. Ṣùgbọ́n ẹ má torí olè fa lẹ́tà tòótọ́ ya.

Èèyàn lè fi 5071C jẹ́rìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù. Mo pè. Mo fi fóònù sí etí títí ó fi gbóná. Nígbà tí obìnrin kan gbé e, ó bi mí ní nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà, mo kà á. Ó bi mí ní orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, mo dáhùn. Ó wá ní, "Òwò wo lẹ ń ṣe, èyí tó wà lórí Schedule C yín?"

Schedule C ni ojú-ewé tí wọ́n ń kọ òwò tí èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ sí. Mo ní mi ò ṣòwò kankan.

Ó dákẹ́. Ó tún bi mí lọ́nà mìíràn, mo tún ní rárá, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń ṣe. Ó ní òun kò lè jẹ́rìí fún mi lórí fóònù, kí n gba ọjọ́ ní ọ́fíìsì wọn, kí n sì kó ìwé mi dání wá. Ó bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò nà mí lóhùn rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, omi dà lójú mi, nítorí òtítọ́ ni mo ń sọ, òtítọ́ náà ló sì jẹ́ kó dà bíi pé èmi kọ́ ni mo ni orúkọ mi.

Mo wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó tẹ gbogbo ìwé náà jáde fún mi, láti ojú-ewé kìíní dé ìkẹyìn. Láti ọdún mẹ́rin, ojú-ewé kan péré ló máa ń fún mi, èyí tó ń sọ iye owó tí mo máa gbà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí Schedule C: iṣẹ́ irun dídì. Lóòótọ́, mo dirun fún àwọn èèyàn ní òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dún 2022, kí ìgbáròkó mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo ti fi í sílẹ̀. Ìwé ọdún àtijọ́ ló gbé wá síwájú láìbi mí, owó tí mo fi ra irun ṣì wà níbẹ̀, èrè òfo. Àdánù iṣẹ́ tí n kò ṣe ló fi dín owó tó wọlé fún mi kù. Ó bẹ̀ mí, ó ní àṣìṣe ni. Mo gbà pé àṣìṣe ni.

Ṣùgbọ́n bébà tí mo fọwọ́ sí ń kọ́? Ó tẹ òun náà jáde. Form 8879 ni. Ohun tó sọ ni pé mo ti yẹ ìwé owó orí náà wò, pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì fún ẹni tó ṣe é láṣẹ láti fi nọ́ńbà tó ní ẹyọ 5 buwọ́ lù ú lórúkọ mi. Mo rí ìbuwọ́lùwé mi nísàlẹ̀ rẹ̀. Orí tábìlì rẹ̀ ni mo ti fọwọ́ sí i, lórí ìdúró.

Mo kúrò níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fún mi, mi ò sùn, mo lọ tààrà. Mo kó lẹ́tà náà, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, káàdì Social Security, W-2, ìwé owó orí ọdún 2024 àti ti 2023 dání. Mo sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí fún ọkùnrin tó dá mi lóhùn: èmi ni, èmi ni mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, àṣìṣe sì wà nínú rẹ̀. Ó jẹ́rìí sí i pé èmi ni. Ó ní ó lè tó ọ̀sẹ̀ 9 kí iṣẹ́ tó parí lórí rẹ̀, kí n dúró títí á fi parí, kí n tó fi Form 1040-X tún un ṣe. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Owó náà dé ní June, mo dá èyí tí kì í ṣe tèmi padà.

Láti Maryland

Ẹ kú ìnira o, àǹtí wa. Tèmi kò tíì dé ibi lẹ́tà rárá. Takisí ni mo ń wà, èmi fúnra mi ni mo ń ṣe owó orí mi lórí kọ̀ǹpútà. Kí èèyàn tó lè buwọ́ lù ú níbẹ̀, wọ́n máa bi í ní AGI ti ọdún tó ṣáájú, ìyẹn owó tó wọlé fún un lẹ́yìn àwọn àyọkúrò kan; fún tèmi, iye tó wà ní ìlà 11 lórí Form 1040, ìwé owó orí gan-an, ti 2023. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ìwọ ni. Mo tẹ ohun tó wà lórí ìwé mi gan-an, mo fi ránṣẹ́ ní 14 April, mo sùn fọnfọn.

Lọ́jọ́ kejì, ímeèlì ti dé pé wọ́n kọ̀ ọ́, AGI kò bá tiwọn mu. Inú spam ló wà, ọjọ́ 17 ni mo tó rí i. Ara mi gbọ̀n, nítorí gbèdéke ti kọjá, ìwé tí wọ́n bá sì kọ̀, bíi pé èèyàn kò fi ránṣẹ́ ni. Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ló tú u fún mi: ìwé ti 2023 tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú bébà, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, nítorí náà òdo ni kí n tẹ̀ síbẹ̀. Mo tẹ òdo, ó wọlé lójú ẹsẹ̀. Ó tún sọ fún mi pé ìwé tí mo fi ránṣẹ́ kí gbèdéke tó kọjá tí wọ́n wá kọ̀, mo ní ọjọ́ 5 láti tún un ṣe, kí wọ́n má sì kà á sí pé mo pẹ́. Ẹ̀yin awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dúró de ímeèlì tó sọ pé wọ́n ti gbà á. "A ti fi ránṣẹ́" àti "a ti gbà á" kì í ṣe nǹkan kan náà.

Láti Chicago

Ní kúkúrú: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti fẹ́ jẹ́rìí. ID.me ni wọ́n fi ń wọlé, èèyàn á ya láísẹ́ǹsì rẹ̀, á tún ya ojú ara rẹ̀. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí láísẹ́ǹsì, orúkọ bàbá mi ló ṣì wà lọ́dọ̀ Social Security, torí mi ò tíì lọ yí i láti ìgbà ìyàwó. Ó kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ìyàwó tuntun, Social Security ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó lọ yí láísẹ́ǹsì.

Láti Atlanta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Èmi ni ẹni tí lẹ́tà náà tọ́ sí ní tòótọ́. Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, ẹlòmíràn ti fi nọ́ńbà mi fi ìwé owó orí ránṣẹ́ kí n tó jí. Lẹ́tà dé, mo pè wọ́n, mo ní èmi kọ́. Wọ́n dá tiẹ̀ dúró, wọ́n gba tèmi. Ó pẹ́ kó tó yanjú, mi ò ní purọ́ fún yín.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi IP PIN ránṣẹ́ sí mi ní ọdọọdún. Nọ́ńbà tó ní ẹyọ 6 ni, ti ọdún yìí yàtọ̀ sí ti èṣí, ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́ kò lè fi orúkọ mi fi ìwé ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2021, ẹnikẹ́ni tó bá lè jẹ́rìí ara rẹ̀ ló lè béèrè fún un, kò dìgbà tí olè bá wọlé. Ẹ lọ gbà á. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé náà, lọ́jọ́ tó ń ṣe é.

Láti Houston, lẹ́ẹ̀kan sí i

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀ sà. Mo ti béèrè fún tèmi lálẹ́ àná, ó ti jáde.

Ẹnì kan bi mí níkọ̀kọ̀ bóyá mo ti pààrọ̀ ọkùnrin yẹn. Rárá o. Lọ́dún yìí, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní kó yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ mi. Mo wọ awò, mo ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè, ó ń ṣàlàyé. Nígbà tó na Form 8879 sí mi, mo ní kó dúró ná, mi ò tíì dé ojú-ewé kejì.